Bátìrì fóònù mi ń lọ lóru láìfọwọ́ kàn án: áàpù wo ló ń jẹ ẹ́ lábẹ́lẹ̀?

OníPOS_Òṣogbo

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ sì kú ìfaradà ọ̀rọ̀ iná.

Fóònù Android ni mò ń lò, bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5,000 mAh, kò sì tíì gbó. Iṣẹ́ POS ni mò ń ṣe, nítorí náà mo mọ̀ pé bátìrì á lọ lọ́sàn-án: ìpè ń wọlé, mò ń wo àlẹ́ẹ̀tì, mò ń yẹ áàpù báńkì wò fún oníbàárà tí owó rẹ̀ há. Ìyẹn ò dùn mí. Ti òru ló ń ṣe mí ní kàyéfì. Mo lè gbé e sílẹ̀ ní 80% kí n tó sùn, kí n má fọwọ́ kàn án rárá, kí n jí bá a ní nǹkan bíi 50%. Wọn kì í sábà mú iná wá lóru ládùúgbò wa, ohun tó bá kù láàárọ̀ ni mo fi ń lọ sí ìsọ̀. Power bank tí mo ní, ẹ̀rọ POS ló ń lò ó.

Ẹni tó tà á fún mi ní kí n máa tẹ "Clear all" kí n tó sùn. Mò ń ṣe é lálaalẹ́, kò yí nǹkan kan padà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń jẹ bátìrì yìí? Mi ò lè pa fóònù pátápátá o. Wọ́n máa ń pè mí látilé lóru, àlẹ́ẹ̀tì náà sì gbọ́dọ̀ wọlé.

Ọmọ_Sábó

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ lọ sí Play Store, ẹ wá èyíkéyìí nínú àwọn áàpù tó ń gbá fóònù mọ́. Èyí tí mò ń lò máa ń pa gbogbo áàpù tó bá ṣí sílẹ̀ fúnra rẹ̀, mi ò ní í ṣe wàhálà kankan. Ohun tó bá ti kú kò lè jẹ bátìrì mọ́.

Atúnfóònùṣe_Ìkẹjà

Àbúrò mi Ọmọ_Sábó, mo dúpẹ́ pé o dá ẹ̀gbọ́n lóhùn, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ èyí. Computer Village ni mo ti ń tún fóònù ṣe. Lemọ́lemọ́ ni wọ́n ń gbé fóònù wá tí áàpù tó ń gbá fóònù mọ́ wà nínú rẹ̀, òun gan-an ló sì máa ń wà lókè nínú àwọn tó ń jẹ bátìrì.

Ẹ̀gbọ́n OníPOS, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àwọn áàpù tẹ́ ẹ máa ń rí tí wọ́n tò tẹ̀léra bẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì onígun mẹ́rin, kì í ṣe pé wọ́n ń ṣiṣẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ló ti dákẹ́. Fóònù kàn fi wọ́n pamọ́ sínú RAM, ìyẹn ibi ìrántí ìgbà díẹ̀ inú fóònù, kí wọ́n lè yára ṣí ni. Bí RAM kún, bó ṣófo, iná tó ń lò kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá wá pa wọ́n, tẹ́ ẹ tún ṣí wọn láàárọ̀, fóònù máa ní láti kó wọn jáde láti ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ yẹn sì pọ̀ ju kó kàn gbé wọn padà wá sójú. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé bẹ́ ẹ ṣe ń pa wọ́n ni wọ́n ń jí. Áàpù apani á tún pa wọ́n, wọ́n á tún jí, títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Kì í ṣe èmi nìkan ló ń sọ ọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, oníbàárà Apple kan fi ímeèlì béèrè bóyá ó pọn dandan kéèyàn máa pa áàpù kí bátìrì lè pẹ́. Craig Federighi, ọ̀gá àgbà sọ́fítíwíà níbẹ̀, ló fèsì: kò pọn dandan, òun fúnra òun kì í sì ṣe é. Lásìkò kan náà, Hiroshi Lockheimer tó ń darí Android ní Google nígbà náà sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn nípa Android.

Áàpù tó ń jẹ yín lóru ni èyí tó ń jí fóònù dìde láti bá íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀, èyí tó ń béèrè ibi tẹ́ ẹ wà, èyí tó ń gbé àwòrán àti fídíò lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń lọ kó ìpolówó wá sílẹ̀ de àárọ̀. Irú rẹ̀ lè má sí láàárín àwọn tó tò tẹ̀léra yẹn rárá. Ìdí nìyẹn tí "Clear all" ò fi ràn yín lọ́wọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe nìyí. Lọ́la, bẹ́ ẹ bá ti jí, kẹ́ ẹ tó fi sórí iná, ẹ lọ sí "Settings", ẹ tẹ "Battery", kẹ́ ẹ wá "Battery usage". Ilé iṣẹ́ fóònù kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń pè é, ṣùgbọ́n ẹ máa rí orúkọ àwọn áàpù pẹ̀lú iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ. Ẹ tẹ orúkọ áàpù kan, á sọ fún yín ìgbà tó fi wà lójú fóònù àti ìgbà tó fi ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ ò ṣí lánàá, tó sì lo wákàtí lábẹ́lẹ̀, òun lẹ̀ ń wá. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ bá rí síbí.

Ìyá_Ìbejì_Abẹ́òkúta

Ẹ kú àlàyé o, ọ̀gá Ìkẹjà. Ẹ dákun, ìṣòro tèmi yí padà díẹ̀. Bátìrì mi kì í tètè lọ, àmọ́ WhatsApp mi kì í dún mọ́. Ìgbà tí mo bá ṣí i ni gbogbo ọ̀rọ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rọ́ wọlé. Oníbàárà á ti bi mí léèrè ọjà láti àárọ̀, á sì ti lọ rà á níbòmíràn. Fóònù náà ní ohun kan tó ń sọ pé òun ń dáàbò bo bátìrì, bí mo ṣe rà á ló wà níbẹ̀. Ṣé òun ló fà á?

Atúnfóònùṣe_Ìkẹjà

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun, mà.

Ọ̀rọ̀ tó ń wọlé sí WhatsApp àti àwọn áàpù mìíràn kì í ṣe áàpù kọ̀ọ̀kan ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà dè é. Google Play services ló ń ṣí ọ̀nà kan ṣoṣo sílẹ̀ fún gbogbo wọn, bí ìgbà tí gèétìmáànù kan ń gba lẹ́tà fún gbogbo ayálégbé inú ọgbà. Bí lẹ́tà bá dé, òun ló máa kan ilẹ̀kùn ẹni tó ni ín. Ìdí nìyẹn tí WhatsApp fi lè sùn kó má jẹ bátìrì, kí ọ̀rọ̀ sì tún wọlé lójú ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi "Force stop" dá áàpù dúró, Android ò ní í fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i mọ́ àfi tẹ́ ẹ bá fọwọ́ ara yín ṣí i. Àwọn fóònù kan wà tí irinṣẹ́ ìdáàbòbò bátìrì inú wọn, tàbí "Clear all" wọn gan-an, ń ṣe áàpù bíi pé wọ́n fún un ní "Force stop". Ìyẹn ló jọ pé ó ń ṣẹlẹ̀ sí tiyín.

Ẹ tẹ bọ́tìnnì onígun mẹ́rin, ẹ di WhatsApp mú lórí ibi tó tò sí, lórí àwọn fóònù kan ẹ máa rí àmì àgádágodo. Ẹ tẹ̀ ẹ́, irinṣẹ́ yẹn ò ní í lè pa á mọ́. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí "Settings", "Apps", WhatsApp, "Battery", kẹ́ ẹ rí i dájú pé kò sí lórí "Restricted". Bí fóònù yín bá ní ibi tí wọ́n kọ "Auto-launch" tàbí "Autostart" sí, ẹ ṣí i fún WhatsApp.

Alfa_Ìwó

As-salamu alaykum, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gidigidi. Áàpù ìrun ni mo fi ń jí sí Àsùbáà. Láti ìgbà tí fóònù ti gba àtúnṣe tuntun, kì í pe ìrun mọ́ bí kò bá jẹ́ pé mo ṣí i kí n tó sùn. Ìgbà mìíràn á pè é lẹ́yìn tí oòrùn ti yọ. Kí ni kí n ṣe tí ò ní í ba bátìrì jẹ́?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìlọrin

Wa alaykumu salam, Alfa. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú èyí, torí mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ áàpù Android, ọ̀rọ̀ yìí sì wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa.

Láti Android 6 tó jáde lọ́dún 2015 ni Google ti fi ohun kan tó ń jẹ́ Doze sínú fóònù. Bí fóònù bá wà lójú kan, tí ojú rẹ̀ kú, tí kò sì sí lórí iná, á bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Kò ní í jẹ́ kí áàpù lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, á sún gbogbo iṣẹ́ wọn síwájú. Lẹ́yìn àkókò díẹ̀, á ṣí fèrèsé kékeré kan fún gbogbo wọn kí wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, á sì tún padà sùn. Bí oorun náà bá ṣe ń pẹ́ sí i ni fèrèsé yẹn ń jìnnà síra wọn. Android 7, lọ́dún 2016, fi oorun fẹ́ẹ́rẹ́ kan kún un fún ìgbà tí fóònù wà nínú àpò téèyàn ń rìn. Android 8, lọ́dún 2017, dá áàpù lẹ́kun láti máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ bó ṣe wù ú, ó sì dín bó ṣe lè béèrè ibi téèyàn wà kù sí ìgbà díẹ̀ láàárín wákàtí kan.

Ìpè àti SMS ò sí nínú ìdènà yìí o. Wọ́n á wọlé.

Ohun tó sábà máa ń ṣe áàpù ìrun ni pé ó máa ń dá ìkìlọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ fún wákàtí kan pàtó, fóònù sì lè sún un síwájú bó bá wà lójú oorun, àfi tí áàpù náà bá ní àṣẹ. Láti Android 12, àṣẹ yẹn ti wà lọ́tọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ lọ sí "Settings", "Apps", "Special app access", "Alarms & reminders", kẹ́ ẹ ṣí i fún áàpù ìrun náà. Lẹ́yìn náà ẹ wọ "Battery" rẹ̀, kẹ́ ẹ fi sí "Unrestricted". Áàpù tó ń jí lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ láti pe ìrun kò lè jẹ bátìrì tó ohun téèyàn máa mọ̀ lára.

Alfa_Ìwó

Àlùbáríkà á wà lórí ẹ̀kọ́ yín, ọmọ mi. Mo rí i níbẹ̀ lóòótọ́, ó wà ní títì. Mo ti ṣí i.

OníPOS_Òṣogbo

Ọ̀gá Ìkẹjà, mo ti wò ó láàárọ̀ yìí kí n tó fi sórí iná. Àwọn tó wà lókè nìyí, bí wọ́n ṣe tò:

Áàpù yíyá owó kan tí mo gbà sílẹ̀ nígbà tí ọjà dákẹ́. Mo ti san owó wọn tán, mi ò sì ṣí i mọ́ láti ìgbà náà. Ó lo wákàtí tó lé ní márùn-ún lábẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Google Play services.

Ẹ̀kẹta ni áàpù tó ń kó àwòrán pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fídíò àríyá tó wà lórí fóònù pọ̀, mo sì rí i tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ṣì ń gbìyànjú láti gbé wọn lọ.

Ẹ̀kẹrin ni "Mobile network". Èyí ò tiẹ̀ yé mi, torí kì í ṣe áàpù.

Báńkì àti WhatsApp wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ó yà mí lẹ́nu, torí àwọn gan-an ni mò ń pa lálaalẹ́.

Atúnfóònùṣe_Ìkẹjà

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Gbogbo rẹ̀ ti hàn síta nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Áàpù yíyá owó yẹn, bí gbèsè bá ti tán, ẹ yọ ọ́ kúrò. Kò sí ohun tó ń ṣe fún yín mọ́. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó yọ ọ́, ẹ wọ inú rẹ̀, kẹ́ ẹ rí i pé ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ti san tán, kẹ́ ẹ ya àwòrán rẹ̀ pamọ́. Ohun tó mú un lè ṣiṣẹ́ lóru tó bẹ́ẹ̀ ni pé irú wọn máa ń béèrè ìbéèrè kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ṣé kí òun máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ nígbà gbogbo? Ẹni tó ń wá owó kíákíá á tẹ "Allow". Bẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, Doze tí àbúrò wa Ìlọrin ń sọ ò ní í dí i lọ́wọ́ tó bó ṣe ń dí àwọn yòókù mọ́. Ẹni yòówù tó bá ní irú áàpù yìí, kó tún lọ wo àwọn àṣẹ tó fún un: nọ́ńbà àwọn èèyàn rẹ̀, àwòrán, ibi tó wà. Lọ́dún 2023, Google fi òfin de áàpù yíyá owó lórí Play Store pé wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nọ́ńbà àti àwòrán ẹni tó ń lò wọ́n mọ́. Àwọn tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ibòmíràn, tí kò gba Play Store kọjá, kò sí nínú òfin yẹn.

Google Play services tó wà ní ipò kejì, ẹ má bínú sí i. Iṣẹ́ tí àwọn mìíràn bẹ̀ ẹ́ ni wọ́n sábà máa ń kọ sórúkọ rẹ̀, pàápàá áàpù tó ń béèrè ibi tẹ́ ẹ wà. Bẹ́ ẹ bá yọ èyí tó ń dà á láàmú, tirẹ̀ náà á wálẹ̀.

Ti àwòrán: ẹ wọ inú áàpù náà, kẹ́ ẹ sọ fún un pé Wi-Fi nìkan ni kó máa fi gbé wọn, bẹ́ ẹ bá ní ibi tẹ́ ẹ ti ń rí Wi-Fi. Bí nẹ́tíwọọ̀kì bá ń ṣe ségesège, fídíò ńlá á gbìyànjú, á já, á tún bẹ̀rẹ̀, dátà á lọ, bátìrì á lọ. WhatsApp náà máa ń fẹ́ kó ọ̀rọ̀ pamọ́ ní nǹkan bí aago méjì òru. Wi-Fi nìkan ni kẹ́ ẹ fi òun náà sí, kẹ́ ẹ sì pa gbígba fídíò wọlé fúnra rẹ̀, torí àwọn ẹgbẹ́ tó pọ̀ lórí WhatsApp.

"Mobile network" lohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fojú fò, bẹ́ẹ̀ àtúnṣe áàpù kankan ò lè borí rẹ̀. Bí nẹ́tíwọọ̀kì ò bá dáa níbi tẹ́ ẹ gbé fóònù sí, á máa fi agbára tó pọ̀ wá òpó. Fóònù oníSIM méjì burú jù níbẹ̀, pàápàá bí ọ̀kan ò bá ní nẹ́tíwọọ̀kì rárá. Ṣé SIM méjì lẹ ń lò?

OníPOS_Òṣogbo

SIM méjì ni, ọ̀gá. Èkejì, ilé ìtajà nìkan ló ti ń dáa. Nílé, "Emergency calls only" ló máa ń kọ. Inú yàrá lẹ́yìn ni mo sì máa ń gbé e sí, lábẹ́ ìrọ̀rí.

Atúnfóònùṣe_Ìkẹjà

Ẹ pa SIM kejì yẹn lálẹ́. "Settings", ibi tí SIM wà, ẹ kàn tì í, kò pọn dandan kẹ́ ẹ yọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá dé ìsọ̀, ẹ tún ṣí i. Kẹ́ ẹ sì gbé fóònù kúrò lábẹ́ ìrọ̀rí, ẹ gbé e sẹ́bàá fèrèsé. Ooru ń pa bátìrì lára, ìrọ̀rí ò sì ní í jẹ́ kó mí.

Mo fẹ́ bi yín léèrè ohun kan: àlẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ní ó gbọ́dọ̀ wọlé yẹn, ṣé SMS ni àbí inú áàpù ló ti ń wá?

OníPOS_Òṣogbo

SMS ni. Wọ́n ń gé owó rẹ̀, àmọ́ mi ò fi í sílẹ̀ torí iṣẹ́ mi.

Atúnfóònùṣe_Ìkẹjà

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pa dátà lálẹ́ kẹ́ ẹ tó sùn. Ẹ fi fóònù sílẹ̀ ní ṣíṣí, ẹ fi SIM tó dáa sílẹ̀, dátà nìkan ni kẹ́ ẹ pa. SMS ò lo dátà, ìpè ò lo dátà. Àwọn tó ń pè yín látilé á rí yín, àlẹ́ẹ̀tì á dún, kò sì sí áàpù tó máa rí ibì kan lọ. Fún ẹni tó ń sùn láìsí iná, mi ò mọ ohun kan tó rọrùn tó èyí tó sì lágbára tó o. Ẹni tó bá jẹ́ inú áàpù báńkì nìkan ni àlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti ń wá kò ní í lè ṣe é, torí ìyẹn nílò dátà. Kí onítọ̀hún lo "Data Saver" dípò rẹ̀: á dí gbogbo áàpù lọ́wọ́ láti lo dátà lábẹ́lẹ̀, àfi àwọn tó bá yàn. Kó yan báńkì, kó yan WhatsApp, kó fi àwọn yòókù sílẹ̀.

Ọmọ_Sábó

Ọ̀gá, ẹ má bínú, ìbéèrè kan. Kí ló dé téèyàn ò kàn fi gbogbo áàpù sórí "Restricted", kó sùn ní tirẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìlọrin

Torí pé èyí tó ṣe pàtàkì á bá èyí tí kò wúlò lọ. Láti Android 9, lọ́dún 2018, fóònù fúnra rẹ̀ ti ń pín áàpù sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí o ṣe ń lò wọ́n: èyí tó ò ń lò lọ́wọ́, èyí tó ò ń lò lójoojúmọ́, èyí tó ò ń lò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó ti pẹ́ tó o fọwọ́ kàn gbẹ̀yìn. Bí ìlò áàpù kan bá ṣe dín kù ni iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ tí wọ́n gbà á láyè láti ṣe ń dín kù. Ní Android 12 ni ìsọ̀rí tó le jù dé: áàpù tó bá wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n ń gbà fún un láti ṣe iṣẹ́ abẹ́lẹ̀. Nítorí náà, "Optimized" tó jẹ́ pé òun ni fóònù máa ń fi gbogbo áàpù sí láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn fún ẹ. Ìwọ kàn ń fi "Restricted" mú èyí tó ya olóríkunkun, o sì ń fi "Unrestricted" dá ọ̀kan tàbí méjì tí kò gbọ́dọ̀ sùn sílẹ̀. Fóònù nílò ọjọ́ díẹ̀ kó tó mọ ìṣe ẹ o, tó o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á.

Tó o bá sì ń lo Android 13 sókè, fa òkè fóònù wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wo ìsàlẹ̀ ibẹ̀. O máa rí iye áàpù tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ báyìí, o sì lè dá èyí tí kò yẹ kó máa ṣiṣẹ́ dúró níbẹ̀.

Awakọ̀_Lẹ́kìí

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Èmi, áàpù awakọ̀ méjì ni mò ń lò, wọ́n sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí mo wà. Ìyẹn ò ṣeé pa. Ṣùgbọ́n kódà tí mo bá ti délé, tí mo ti kúrò lórí iṣẹ́, bátìrì ṣì ń sáré.

Atúnfóònùṣe_Ìkẹjà

Bọ̀ọ̀dá, ẹ jáde kúrò lórí iṣẹ́ nínú áàpù náà gan-an, kì í ṣe kẹ́ ẹ kàn fi ọwọ́ gbá a dànù. Bó bá ṣì ń fi àmì hàn lókè fóònù pé òun ń ṣiṣẹ́, kò tíì sinmi. Lẹ́yìn náà ẹ wọ "Settings", "Location", kẹ́ ẹ wo gbogbo àwọn tó ní "Allow all the time". Láti Android 10 ni wọ́n ti gbà wá láyè láti yan "Allow only while using the app". Ẹ fi àwọn áàpù iṣẹ́ yín sí ibi tí iṣẹ́ bá béèrè, ṣùgbọ́n áàpù ìtajà, áàpù bọ́ọ̀lù, áàpù ojú ọjọ́, kí lòún ń wá ibi tẹ́ ẹ wà fún láàjìn? Ẹ dá gbogbo wọn padà. Ojú ibẹ̀ náà lẹ ti máa rí "Wi-Fi scanning" àti "Bluetooth scanning". Ẹ lè pa àwọn náà.

ArẹwàNíPeckham

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìlú London ni mo wà, iná kì í lọ níbí, àmọ́ iPhone mi kì í bá mi délé láti ibi iṣẹ́. Àǹtí mi ní kí n máa fi ọwọ́ gbá àwọn áàpù sókè. Ṣé bákan náà ni?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìlọrin

Bákan náà ni, àǹtí. Gbígbá wọn sókè ò ran bátìrì lọ́wọ́. Ohun tẹ́ ẹ máa wò ni "Settings", "General", "Background App Refresh", tó ti wà lórí iPhone láti iOS 7 ọdún 2013. Ẹ pa á fún èyí tí kò ṣe yín láǹfààní. Ọ̀rọ̀ á ṣì máa wọlé, ìkìlọ̀ á ṣì máa dún, torí ọ̀nà mìíràn ni ìyẹn ń gbà. Ẹ tún wọ "Settings", "Battery", kẹ́ ẹ wo èyí tí wọ́n kọ "Background" sí lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti rí i lọ́dún 2015 pé Facebook ń lo wákàtí gígùn lábẹ́lẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Facebook gbà pé àbùkù wà nínú áàpù àwọn, títí kan ohùn fídíò tó ń bá iṣẹ́ lọ lẹ́yìn téèyàn ti kúrò níbẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe. Kò sí bí gbígbá sókè ṣe máa jẹ́ kéèyàn mọ ìyẹn.

Tó bá di ọ̀sán tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ẹ máa pẹ́, ẹ tan "Low Power Mode" kó tó di pé bátìrì wálẹ̀ sí 20% tí fóònù fúnra rẹ̀ máa ń béèrè. Á dá iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ dúró fún ìgbà yẹn. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tẹ́ ẹ ń wọ̀ náà ní ọwọ́ nínú ẹ̀: ibi tí kò bá ti sí nẹ́tíwọọ̀kì nísàlẹ̀, fóònù á máa wá òpó. Ẹ tan "Airplane mode" títí ẹ ó fi jáde.

Àgbà_Ìjẹ̀bú

Ẹ kú làálàá, ẹ̀yin ọmọ wa. Mo ti ka gbogbo rẹ̀, ọmọ mi ọkùnrin sì ti bá mi ṣe é lórí fóònù mi. Ó ṣì ń ti 40% já sí 10% lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà mìíràn á kú fúnra rẹ̀. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi o. Ẹ̀yìn rẹ̀ náà ti ń gbé sókè díẹ̀, mo fi rọ́bà dè é.

Atúnfóònùṣe_Ìkẹjà

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ o. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ áàpù, kò sì sí sẹ́tíńgì tó lè tún un ṣe. Bátìrì lithium máa ń gbó bí wọ́n ṣe ń fi í sórí iná tí wọ́n ń lò ó tán. Apple sọ ọ́ ní gbangba pé bátìrì iPhone 14 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ni àwọn ṣe kó ṣì ní 80% agbára rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti kún tó sì tán ní ìgbà 500, ti iPhone 15 sì di ìgbà 1,000. Tiyín ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ń já lẹ́ẹ̀kan.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tó ń gbé sókè yẹn ló gbà mí lọ́kàn jù. Bátìrì ti wú nìyẹn, ó sì lè gbiná. Ẹ tú rọ́bà yẹn kúrò, ẹ má tẹ̀ ẹ́ wọlé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún un. Ẹ pa fóònù náà báyìí, ẹ má fi sórí iná mọ́, ẹ gbé e síbi tí nǹkan tó ń jó ò sí. Kí ọmọ yín gbé e lọ sọ́dọ̀ atúnfóònùṣe tó sún mọ́ yín lónìí, kó yọ bátìrì rẹ̀ kó sì fi tuntun sí i. Ẹ jẹ́ kó pa á kó tó dá mi lóhùn níbí.